Ìyá Aninha, Ọbábíyìí: adósù Ṣàngó tó dá Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní Bahia



Àwọn àlejò tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń bi mí ní ìbéèrè kan lemọ́lemọ́. Wọ́n á ní àwọn mọ ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ṣe láti gbèjà ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Wọ́n á ka àwọn àlùfáà tó bá òwò ẹrú jà, wọ́n á ka àwọn tó fẹ̀sìn wá àlàáfíà láàárín ìlú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wò mí lójú, wọ́n á ní àwa onísẹ̀ṣe ńkọ́, ta ni tiwa? Ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún wọn kì í ṣe babaláwo, kì í ṣe ọkùnrin, a kò sì bí i sí ilẹ̀ Yorùbá. Eugênia Anna dos Santos ni orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Aninha ni gbogbo ìlú Salvador ń pè é. Orúkọ tí ó gbà nígbà tí wọ́n dó òsù fún un ni Ọbábíyìí, ìyẹn ni pé Ọba ló bí èyí. Ẹni tó bá mọ Ṣàngó kò ní béèrè irú ọba tí wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1869 ni wọ́n bí i ní Salvador, olú ìlú Bahia ní ilẹ̀ Brasil. Sérgio José dos Santos ni bàbá rẹ̀, Lucinda Maria da Conceição sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ Oòduà. Gurunsi ni wọ́n, àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lónìí níbi tí àríwá Gánà ti bá Burkina Faso pààlà. Ní Bahia ayé ìgbà náà, bí wọ́n ṣe ń ya àwọn adúláwọ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn, olúkúlùkù pẹ̀lú orílẹ̀ tirẹ̀: Jèjè ni àwọn tó ti Dàhọ̀mì wá, àwọn mìíràn jẹ́ Àǹgólà, Nàgó sì ni wọ́n ń pe àwa. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn kan láàárín wa lónìí ń fẹ́ sọ òrìṣà di ogún ẹ̀jẹ̀ nìkan, bí ẹni pé ẹni tí bàbá rẹ̀ kò bá sọ Yorùbá kò lè mọ Ṣàngó délé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìtàn yìí.

Níní ẹrú ṣì wà lábẹ́ òfin ní Brasil nígbà tí wọ́n bí i. Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888 ni wọ́n tó fi òfin pa á rẹ́, nígbà tí ó ku oṣù méjì kí Aninha pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àríwá àti ti gúúsù, tó pẹ́ tó wọn kí wọ́n tó jáwọ́ nínú ẹrú. Nítorí náà, ojú rẹ̀ ló fi rí i. Kì í ṣe ìtàn tí wọ́n sọ fún un.

Ilé òrìṣà tí wọ́n ti ṣe é ni èyí tí àwọn ará Bahia ń pè ní Casa Branca, ìyẹn Ilé Funfun. Orúkọ rẹ̀ ní èdè wa ni Ilé Àṣẹ Ìyá Násó Ọká. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ààfin Ọ̀yọ́ á ti mọ̀ pé oyè ni Ìyá Násó, òun ni obìnrin ààfin tí ó ń tọ́jú Ṣàngó ti Aláàfin. Oyè náà sọdá òkun nínú ọkọ̀ ẹrú, ó sì di orúkọ ilé ní òkè òkun. Ìyálórìṣà tó ń darí ibẹ̀ nígbà náà ni Marcelina da Silva, tí wọ́n ń pè ní Ọbatósí. Ẹni tó bá a lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà ni Bámgbóṣé Obítìkò, ọkùnrin kan láti ìlẹ̀ wa tí orúkọ Pọtogí rẹ̀ ń jẹ́ Rodolfo Martins de Andrade. Ẹ wo Bámgbóṣé, ẹ ó rí i pé ọmọ Ṣàngó pọ́ńbélé ni, nítorí oṣé ni igi tí a ń gbé fún Ṣàngó. Àwọn méjì wọ̀nyí wo ọmọbìnrin Gurunsi yìí, wọn kò béèrè ìlú bàbá rẹ̀. Orí ni wọ́n wò. Wọ́n dó òsù fún un, ó sì di ti Ṣàngó títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa òfin, nítorí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ ohun tí obìnrin yìí dojú kọ. Lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀ ní 1888, ìjọba ọba ṣubú ní 1889, wọ́n sì kọ òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ní 1890. Orí 157 nínú òfin náà sọ idán àti ohun tó jọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè fi ẹni sẹ́wọ̀n fún. Orí 158 dé ti àwọn tó ń fi ewé àti egbò wo aláìsàn. Ní 1891, ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà jáde, ó sì sọ pé olúkúlùkù lè ṣe ẹ̀sìn tó bá wù ú. Ẹ ò rí ọgbọ́n inú rẹ̀? Ẹ̀sìn di òmìnira, ṣùgbọ́n tiwa kọ́ ni wọ́n ń pè ní ẹ̀sìn. Candomblé ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì kà á mọ́ idán, mọ́ oògùn burúkú, mọ́ ariwo. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá ṣe lè wọ ojúbọ lóru kí wọ́n sì ní àwọn kò rú òfin kankan. Wọ́n á kó ìlù, wọ́n á kó ọ̀tá, wọ́n á kó aṣọ òrìṣà, wọ́n á sì kó àwọn ìyá lọ sí àtìmọ́lé. Àwọn ìwé ìròyìn ìlú náà á sì gbóríyìn fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ burú jù nínú àwọn ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ní Salvador ni Pedro Azevedo Gordilho, tí wọ́n ń pè ní Pedrito. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni ó ṣe é kankan. Orin ni àwọn ènìyàn fi ń sá fún un, orin náà ni wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Lára ohun tí ọlọ́pàá kó nílé òrìṣà, wọ́n tò wọ́n sí ilé ìkóǹkan-ìtàn-pamọ́ ní Salvador, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn. Ohun tó dun àwọn ará ibẹ̀ jù nìyẹn, ju ẹ̀wọ̀n gan-an lọ.

Inú ayé yẹn ni Aninha ti di ìyálórìṣà. Ìjà oyè ló mú un kúrò ní Casa Branca, nígbà tí àga ìyálórìṣà ṣófo tí ilé kò sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jókòó. Ṣáájú ìgbà náà, irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti bí ilé Gantois. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó da ilé ẹnì kejì rú. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á gbé igbá rẹ̀, á lọ tẹ ilé tirẹ̀ dó, ilé méjèèjì á sì máa bọ òrìṣà. Bí àwa nílé bá ń parí ìjà oyè báyìí, kóòtù kì bá tí kún tó báyìí. Aninha bá Joaquim Vieira da Silva lọ, ọkùnrin tí orúkọ awo rẹ̀ ń jẹ́ Ọbasàányà. Ó gbé Rio de Janeiro fún ìgbà kan, ó sì fi ilé òrìṣà lélẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ti Rio wà títí dòní, ní Coelho da Rocha.

Ní 1910 ló dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní São Gonçalo do Retiro. Ẹ̀yìn ìlú ni ibẹ̀ nígbà náà, igbó ni, ojú ọ̀nà kò sì dára. Ìyẹn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí ọlọ́pàá tó fẹ́ wá dá ọdún rú á kọ́kọ́ jẹ ìyà ọ̀nà. Ilẹ̀ náà gbòòrò tó fún un láti kọ́ ilé fún òrìṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, ti Ṣàngó, ti Òòṣàálá àti ti àwọn ìyókù, ilé gbígbé fún àwọn ọmọ ilé sì wà láàárín wọn. Igbó ṣì wà fún ewé. Ẹni tó bá mọ bí agbo ilé wa ṣe ń rí á mọ̀ pé agbo ilé ni ó kọ́, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tú agbo ilé àwọn ènìyàn wa ká, tí wọ́n ta ìyá lọ́tọ̀, tí wọ́n ta ọmọ lọ́tọ̀. Àwọn tí kò ní ìbátan mọ́ di ọmọ ìyá níbẹ̀. Kò sí ìdájọ́ òdodo tó ju kí ẹni tí wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ tún rí ilé gbé.

Níbo ló ti rí owó? Ọjà ni. Oníṣòwò ni Aninha, ó ń ta ohun èlò òrìṣà àti ọjà tó ń ti Áfíríkà dé. Kò tọrọ, kò sì dúró de olówó kan láti wá ṣe bàbá ìsàlẹ̀ fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Donald Pierson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gbé Bahia láàárín àwọn ọdún 1930, bá a sọ̀rọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1942. Obìnrin tí orí rẹ̀ pé, tó mọ ohun tó ń ṣe, ni ó bá níbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn onísẹ̀ṣe tó le koko kì í fẹ́ gbọ́. Aninha ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì ní ilé Ìyá Wa ti Rosari ní Pelourinho, ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba ara wọn sílẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń sìnkú ara wọn, òun ló ń ra ọmọ ẹgbẹ́ padà lọ́wọ́ olówó rẹ̀ láyé ẹrú. Èmi kò rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ní ojú tèmi, obìnrin náà mọ ibi tí ojúbọ rẹ̀ wà, ó sì mọ ibi tí àwọn ará rẹ̀ wà, kò sì bá ṣọ́ọ̀ṣì jà nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ràn ìlù rẹ̀. Ní 1983, Ìyá Stella, tí ó jókòó lórí àga rẹ̀ nígbà tó yá, bá àwọn ìyálórìṣà mìíràn fọwọ́ sí ìwé pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n yéé fi ère ẹni mímọ́ Kátólíìkì bo òrìṣà mọ́lẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú òun náà. Ní ayé Aninha, ìbòrí ni. Ní ayé Stella, kò sí òjò mọ́, kí ni a tún ń fi ìbòrí ṣe?

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn ìyá yìí kí a má dárúkọ babaláwo tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Martiniano Eliseu do Bonfim. Salvador ni wọ́n ti bí òun náà, ní 1859. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gbá tí wọ́n mú lẹ́rú. Nígbà tí owó dé ọwọ́ bàbá náà, ohun tí ó ṣe ni pé ó mú ọmọ rẹ̀ padà lọ sí Èkó ní 1875. Martiniano gbé Èkó títí di 1886. Ó lọ sí ilé ìwé àwọn oníwàásù níbẹ̀, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì kọ́ Ifá. Nígbà tí ó padà sí Bahia, iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló ń ṣe, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń dífá. Òun ni ìwé àti ìrántí fún Aninha. Ohun tí ìyá náà bá fẹ́ mọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń lọ nílé, ọ̀dọ̀ Martiniano ni ó ń lọ.

Láti inú ìbáṣepọ̀ yìí ni àwọn Ọba Ṣàngó méjìlá ti jáde, ní nǹkan bí 1936 sí 1937. Ìyá Aninha fi ọkùnrin méjìlá joyè nínú ilé rẹ̀, mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà lọ́wọ́ òsì, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ Ṣàngó. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú orúkọ oyè náà: Abíọ́dún, Oníkòyí, Arẹ̀sà, Ọ̀nàìṣokùn, Olúgbọ́n, Àrẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ rí á rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú ilé ní ẹ̀yìn odi Salvador, Olúgbọ́n àti Arẹ̀sà tún jókòó sí ìgbìmọ̀ kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé oyè yìí kò sí báyìí nílé rí, pé ìyá náà àti Martiniano ló tò ó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Mọ́gbà ni ó ń ṣe àkóso ojúbọ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí oyè náà ń ṣe. Àwọn ọba wọ̀nyí kì í gùn, wọn kì í dósù bí ìyàwó òrìṣà. Iṣẹ́ wọn ni láti dúró níwájú ilé náà, kí wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá owó, kí wọ́n gbèjà. Ó fi oyè so àwọn tí ohùn wọn lè dé ibi tí ohùn obìnrin adúláwọ̀ kò lè dé mọ́ ẹsẹ̀ Ṣàngó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, láyé Ìyá Senhora, àwọn tó joyè náà ni Jorge Amado tó ń kọ ìwé, Dorival Caymmi tó ń kọrin, àti Carybé tó ń ya àwòrán.

Ní 1936 kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí ìjọba mọ̀ sílẹ̀ láti di ilẹ̀ àti dúkìá ilé náà mú. Cruz Santa ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn Àgbélébùú Mímọ́. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́wọ́ orúkọ Àgbélébùú Mímọ́ ni ilẹ̀ Ṣàngó wà nínú ìwé ìjọba. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Nílé wa níbí, mélòó ni ojúbọ tí àwọn ọmọ ti tà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, nítorí pé kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé kì í ṣe tiwọn nìkan? Mo ti fi ojú ara mi rí igbó òrìṣà tó di ibi tí wọ́n ti ń ta símẹ́ńtì.

Mo lọ sí ilé ìwé girama nílé yìí, lẹ́yìn tí mo ti ń gbé pẹ̀lú ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní Ifá. Kò sẹ́ni tó lè pa ẹnu pọ̀ láti sọ níbẹ̀ pé bàbá òun jẹ́ aborìṣà. Ìwé ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, òrìṣà ni ti púrúǹtù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ Òpó Àfọ̀njá gbà lọ́wọ́ ìyá wọn fi wọ̀ mí lára. Ìyá Aninha ní òun fẹ́ rí àwọn ọmọ òun kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún Ṣàngó pẹ̀lú òrùka ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ wọn. Ní Brasil, ẹni tó bá jáde ní yunifásítì ló ń wọ irú òrùka bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bí láyé ẹrú ló sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn ń pe ilé rẹ̀ ní ibi òkùnkùn. Kò sọ pé kí wọ́n kọ Ṣàngó sílẹ̀ kí wọ́n lè kàwé, kò sì sọ pé kí wọ́n pa ìwé tì nítorí Ṣàngó.

Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ ilé náà ń sọ, tí ẹ máa gbọ́ bí ẹ bá pàdé ará Bahia. Wọ́n ní nígbà tí ìyá náà wà ní Rio ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Oswaldo Aranha, tó jẹ́ èèkàn nínú ìjọba Getúlio Vargas, mọ̀ ọ́n, òun ló sì là á lọ́nà dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àṣẹ ìjọba ti 1934 ti wá, tó tú ìlù òrìṣà sílẹ̀. Àwọn òpìtàn kan ń jiyàn lórí rẹ̀. Bí mo ṣe rò ó ni pé kò yẹ kí a gbé gbogbo ẹrù náà lé orí ìpàdé kan pẹ̀lú ààrẹ. Ọlọ́pàá kò yéé da ilé òrìṣà láàmú lẹ́yìn 1934. Ní Bahia, ilé òrìṣà ṣì ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè lù títí di oṣù Kìíní 1976, nígbà tí gómìnà Roberto Santos fagi lé e. Bí o bá fẹ́ ṣọdún fún òrìṣà rẹ, o gbọ́dọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn ilé tẹ́tẹ́ àti ti ọtí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ogójì ọdún lẹ́yìn tí a ti sọ pé ó tán.

Ohun tí mo gbà gbọ́ pé ó ṣe iṣẹ́ jù ni ọdún 1937. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, Edison Carneiro, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ tó ń kọ̀wé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe àpérò kejì lórí ọ̀rọ̀ àwọn adúláwọ̀ Brasil ní Salvador. Èkíní ti wáyé ní Recife ní 1934. Ohun tó mú ti Bahia yàtọ̀ ni pé wọn kò kàn jókòó sọ̀rọ̀ nípa àwọn olórìṣà, wọ́n pe àwọn olórìṣà gan-an. Martiniano sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí àwọn ọba Ṣàngó. Ìyá Aninha kọ ìwé kékeré ránṣẹ́ lórí oúnjẹ Áfíríkà, ó sì gba àwọn àlejò náà lálejò ní Òpó Àfọ̀njá, wọ́n sì rí ọdún ní ojú wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ti ń kọ̀wé nípa idán jókòó sí àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́, wọ́n rí àwọn ìyá nínú aṣọ funfun, wọ́n rí ètò, wọ́n rí ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó le fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ọ̀daràn ni àwọn wọ̀nyí.

Ó wù mí kí ẹ mọ̀ pé oúnjẹ ni ó yàn láti kọ̀wé lé lórí. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Ṣùgbọ́n bí àkàrà, àkàsà àti ilá ò bá sí, òrìṣà kankan kò lè dúró. Ní Bahia, ilá ni wọ́n fi ń se ohun tí wọ́n ń pè ní àmàlà Ṣàngó, ilá àti epo pupa àti edé, ọjọ́rú ọjọ́rú ni wọ́n sì ń gbé e kalẹ̀. Èlùbọ́ kò sí níbẹ̀. Bí ará Ọ̀yọ́ bá dé ibẹ̀, á wo inú àwo, á ní àmàlà dà? Ọbẹ̀ ni ó kù, òkèlè ti ṣubú sínú òkun. Síbẹ̀, Ṣàngó ń jẹ ẹ́.

Ní ọdún 1937 kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ilé òrìṣà Bahia sílẹ̀ láti gba òmìnira ẹ̀sìn, Martiniano ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ní oṣù Kọkànlá, Vargas fi agídí gba gbogbo àṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó fura sí pé wọ́n jẹ́ kọ́múníìsì. Edison Carneiro wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. Ẹ mọ ibi tó sá lọ? Òpó Àfọ̀njá ni. Ìyá Aninha gbà á sílé, ó sì fi Maria Bibiana do Espírito Santo, tí wọ́n ń pè ní Senhora, ṣe ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà ti lé ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin. Kì í ṣe olóṣèlú. Ọlọ́pàá tó ń wá Carneiro yìí kò yàtọ̀ sí àwọn tó ti ń wá ìdí tí wọ́n á fi fọ́ ìlù rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, gbogbo ohun tí ó ti kọ́ láti 1910, ilẹ̀, ìwé, oyè àti iyì, lè lọ lọ́jọ́ kan. Ó gbà á sílé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ìtàn yìí, mo sinmi ìwé náà lórí itan mi fún ìgbà díẹ̀. Ní ààfin, ẹni tó bá sá di òrìṣà, a kì í fà á jáde láti ibẹ̀. Ọmọ Gurunsi yìí pa òfin ààfin mọ́ ju àwọn kan tí wọ́n bí sí inú rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi kú. Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1938 ni. Èrò tó sin ín pọ̀ gan-an, olórìṣà àti ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, adúláwọ̀ àti aláwọ̀ funfun, àwọn alágbàṣe àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀ṣì Rosari, wọ́n sì sin ín sí ibi ìsìnkú Quintas. Ní gbangba ni, ní ìlú tí wọ́n ti ń fi àwọn bí tirẹ̀ sí àtìmọ́lé. Nígbà tí Ruth Landes, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, dé Bahia lọ́dún yẹn kan náà, ìyá náà ti lọ, Martiniano arúgbó ni ó bá, ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Martiniano náà lọ ní 1943.

Ìyá Bada ló jókòó tẹ̀lé e lórí àga, kò sì pẹ́. Senhora ni ó wá tẹ̀lé e, àrọ́mọdọ́mọ Marcelina Ọbatósí ni. Ní 1952, Pierre Verger gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Ọ̀yọ́ lọ fún un, oyè Ìyá Násó ni Aláàfin fi dá a lọ́lá. Oyè tí ọkọ̀ ẹrú gbé lọ, ọwọ́ ọba ni ó tún gbà á. Ní 1946, Jorge Amado, tó jẹ́ aṣòfin nígbà náà, ti gbé àbá òmìnira ẹ̀sìn wọ inú ìwé òfin tuntun ti Brasil. Ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ Brasil kọ Òpó Àfọ̀njá mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́. Ní Rio, ohun òrìṣà tí ọlọ́pàá ti kó, tí wọ́n fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ orúkọ idán dúdú, jáde kúrò lọ́wọ́ wọn ní 2020, ó sì lọ sí ilé ìkóǹkan-ìtàn-pamọ́ tí àwọn olórìṣà ti ń bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Ilé ìwé kan wà nínú ọgbà Òpó Àfọ̀njá báyìí. Ti ìjọba ìbílẹ̀ Salvador ni, orúkọ ìyá náà ni wọ́n sọ ọ́, Eugênia Anna dos Santos. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń lọ síbẹ̀, àwọn tí òbí wọn jẹ́ olórìṣà àti àwọn tí òbí wọn kì í ṣe olórìṣà. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti Pọtogí bí ilé ìwé gbogbo, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn baba ńlá wọn àti díẹ̀ nínú èdè wa.